Ẹja Tuntun Nínú Omi Àtijọ́

Nígbà tí ọba tuntun bá gun orí oyè, tàbí tí ìran kan bá fi ipò sílẹ̀ fún òmíràn, àwọn àgbà a máa wí pé omi tuntun ti rú, ẹja tuntun sì ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdùnnú ni wọ́n fi ń ṣe. Kò sí ẹni tí ó máa ń dúró bèèrè pé, níbo ni ẹja tuntun náà ti wá, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ sí ẹja tí ó ti wà nínú odò kí omi tó rú? Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹja àtijọ́ ni ẹja tuntun, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àlejò tí ó fi ara jọ onílé ńkọ́, tí ó wọlé, tí ó fẹ́ ọmọ onílé, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè nawọ́ sí onílé mọ́? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ òwe lásán. Ó ti di ọ̀rọ̀ àwọn odò wa.

Odò Ògùn kò jìnnà sí ìlú Ọ̀yọ́. Láti ilẹ̀ òkè ní apá Ṣakí ni ó ti ń ṣàn bọ̀, ó sì ń lọ sí Abẹ́òkúta kí ó tó dé ọ̀sà Èkó. Odò Ọbà ní tirẹ̀ ń ṣàn ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Ọ̀ṣun, orogún rẹ̀ nílé Ṣàngó, bí ìtàn ti wí. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, síbẹ̀ omi méjèèjì yìí kò pàdé títí wọ́n fi súnmọ́ òkun. Ẹja inú ọ̀kan kò lè ṣàdédé bá ara rẹ̀ nínú èkejì, àfi bí ènìyàn bá gbé e.

Nínú irú odò báwọ̀nyí ni àrọ̀ ń gbé. Kò ní ìpẹ́ lára. Irùngbọ̀n mẹ́jọ ni ó fi ń tọ ọ̀nà nínú ẹrẹ̀. Ó ní ohun-èlò kan nínú orí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ bí àwa, tí ó fi jẹ́ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò bá gbẹ ku àbàtà, àrọ̀ a ṣì wà láàyè níbi tí ẹja mìíràn ti kú. Nígbà tí òjò bá padà dé, tí omi sì kún dé orí koríko ẹ̀bá odò, ibẹ̀ ni akọ àti abo ń lọ ní òru láti yé ẹyin. Àrọ̀ tí ó wà nínú odò kan jẹ́ ọmọ àwọn tí ó la ẹ̀ẹ̀rùn odò náà já láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Èyí tí kò lè là á já kò rí ọmọ bí. Èyí tí ó là á já ni ó fi ara rẹ̀ jogún fún ọmọ. Nítorí náà, ohun tí odò ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ ẹja wà nínú ẹran ara ẹja, bí a kò tilẹ̀ lè fi ojú rí i.

Ṣùgbọ́n lónìí, púpọ̀ nínú àrọ̀ tí à ń rí láàyè nínú ọpọ́n ní ọjà, ìkùdù ni ó ti wá, kì í ṣe odò. Ẹ jẹ́ kí á bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ọ̀wọ̀ yẹ: àwọn tí ń sin ẹja ti ṣe ilẹ̀ wa ní oore púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń ti inú owó ìkùdù lọ sí ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ ilé ni ẹran kì í sì í kan ọbẹ̀ wọn bí kò bá sí ẹja. Iṣẹ́ náà gba ọgbọ́n pẹ̀lú. Wọn a gún abo àrọ̀ ní abẹ́rẹ́ oògùn tí í mú ẹyin gbó. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ wọn a rọra tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin a sì tú sínú abọ́. Akọ kì í tú àtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà wọn a pa á kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Abo kan lè fún wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ro èyí wò dáadáa: gbogbo ọmọ ẹja tí a tà fún abúlé mẹ́ta lè jẹ́ ọmọ ìyá kan àti bàbá kan.

Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fi àrọ̀ mú àrọ̀. Wọn a mú abo àrọ̀, wọn a fi àtọ̀ ìbátan rẹ̀ kan sí ẹyin rẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ ń jẹ́ Heterobranchus, tí ó ní lẹbẹ olọ́ràá kan ní ẹ̀yìn nítòsí ìrù, tí ó sì máa ń tóbi gidigidi. Ọmọ tí wọ́n bá bí ni à ń pè ní Heteroclarias, ó sì níyì lọ́dọ̀ àwọn tí ń sin ẹja nítorí ìdàgbàsókè rẹ̀. Irú àrọ̀ kan tún wà tí a kó láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ Netherlands, tí wọ́n sìn níbẹ̀ láti ìran dé ìran nínú ilé, tí a sì tún ti ibẹ̀ kó wá sí Nàìjíríà. Ó dé bí ọmọ tí ó lọ kàwé ní òkè-òkun: ara ilé ni, ṣùgbọ́n kò mọ ìwà ilé mọ́.

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá dúró sínú ìkùdù, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ìkùdù kì í mọ ààlà nígbà òjò. Bí àgbàrá bá dé, ó lè kọjá lórí ògiri kí ó sì kó ẹja lọ sínú odò tí ó wà nísàlẹ̀. Àrọ̀ fúnra rẹ̀ a sì máa wọ́ lórí ilẹ̀ tútù lọ wá omi mìíràn. Nígbà mìíràn ẹni tí ó ni ẹja a da èyí tí ó ṣẹ́kù dànù sínú odò, nítorí pé owó oúnjẹ ẹja ti ju owó ẹja lọ. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ da ọmọ ẹja sínú odò tí a sé, kí ẹja lè pọ̀ fún aráàlú. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n èrò rere kò tó láti fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìbẹ̀rù ọmọdé ni mo ń sọ. Àrọ̀ ilẹ̀ wa yìí gan-an ni a kó lọ sí Asia. Ní ilẹ̀ Thailand, wọ́n fi akọ rẹ̀ mú abo àrọ̀ ìbílẹ̀ tiwọn, èyí tí ìwé ìmọ̀ ń pè ní Clarias macrocephalus, ọmọ tí wọ́n bí sì gba ọjà lọ́wọ́ gbogbo ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2004 fi hàn pé àmì ìran àrọ̀ Áfíríkà ti wọ inú ara àwọn àrọ̀ ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ India ní tirẹ̀ fi òfin de sísin àrọ̀ Áfíríkà ní 2000. Ẹja kan náà ni. Ìwà rẹ̀ kò yí padà. Ibi tí a gbé e sí ni ó yí padà. Onílé ní odò Ògùn ni ó di agbalé-lọ́wọ́-onílé ní Asia. Ẹ kíyè sí i, nígbà náà, pé kì í ṣe pé ẹja kan dára, tí òmíràn sì burú. A kò lè ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹja lọ́rùn. Ènìyàn ni ó ń ronú, ènìyàn ni ó ń gbé ẹja, ọ̀dọ̀ ènìyàn nìkan sì ni a ti lè bèèrè ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́.

Bí ẹja méjì bá jọ ara wọn lójú tán, báwo ni a ó ṣe mọ ọmọ onílé? Ní ààfin Ọ̀yọ́, bí a bá fẹ́ mọ ìtàn àti ìran, àwọn Arọ́kin ni à ń bi. Nínú ilé, oríkì orílẹ̀ ni ó ń sọ fún wa pé ẹni báyìí kì í ṣe ará ibí, bí ó tilẹ̀ wọ irú aṣọ wa tí ó sì ń sọ irú èdè wa. Ẹja kò ní Arọ́kin, kò sì sí ẹni tí ń kì í ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni ìwé kan wà tí à ń pè ní DNA. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́, síbẹ̀ ó gùn ju gbogbo ìwé tí ẹnìkan lè kà tán lọ. Bàbá àti ìyá ni ó ń da ìwé náà kọ fún ọmọ, àṣìkọ kéékèèké a sì máa wọ inú rẹ̀ láti ìran dé ìran. Àwọn àṣìkọ wọ̀nyí ni ẹlẹ́rìí wa. Ẹja tí odò wọn kò pàdé fún ọdún púpọ̀ a máa ní àṣìkọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹja tí òbí rẹ̀ ti ọ̀nà méjì wá a sì máa ru àmì méjèèjì. Kò di ìgbà tí a bá pa ẹja kí á tó lè ka ìwé yìí. A ó gé díẹ̀ nínú lẹbẹ rẹ̀, tí kò ju èékánná ọmọdé lọ, a ó fi í sínú ọtí líle kí ó má bàa jẹrà, a ó sì dá ẹja padà sínú omi rẹ̀.

Ohun tí irú ìmọ̀ yìí lè ṣe hàn nínú ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà. Ẹja kan wà níbẹ̀ nínú ìdílé èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní trout, ẹja omi tútù orí òkè ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé. Ní àwọn ọdún 1930, a rò pé ó ti tán pátápátá. Lẹ́yìn náà a tún rí àwọn kan, inú gbogbo ènìyàn dùn, àwọn tí ń tọ́jú ẹja sì fi ọ̀pọ̀ ọdún sìn wọ́n, wọ́n ń kó wọn lọ sí odò káàkiri. Ní 2012, àwọn onímọ̀ mú ẹja tí a ti fi sínú ìgò ní ilé ìkóhun-àtijọ́-sí láti ọ̀rúndún 19, wọ́n ka DNA wọn, wọ́n sì fi wé ti àwọn ẹja tí ń bẹ láàyè. Kí ni wọ́n rí? Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹja tí a ti ń ṣìkẹ́ láti ọjọ́ yìí wá kì í ṣe ọmọ onílé rárá. Ìbátan rẹ̀ láti odò mìíràn ni. Ọmọ onílé gidi kù síbì kan ṣoṣo, nínú odò kékeré kan tí ń jẹ́ Bear Creek, wọn kò sì tó ẹgbẹ̀rún kan. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu jù ni pé odò yẹn gan-an kì í ṣe ilé wọn. Ọkùnrin kan tí ó ní ilé-àlejò ni ó kó wọn lọ síbẹ̀ ní ọ̀rúndún 19 kí àwọn àlejò rẹ̀ lè rí ẹja fi ìwọ̀ mú. Láti inú àwọn ìgbèkùn yìí ni a ti mú irú wọn padà sí omi ìran wọn, ní 2022 ni a sì kéde pé wọ́n ti ń bímọ fúnra wọn nínú ọ̀kan lára odò wọ̀nyẹn.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́ kò ní ṣe háà sí èyí. Ọ̀yọ́ tí ó wà lónìí kọ́ ni Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà tí ogun tú ìlú àtijọ́ ká, Aláàfin Àtìbà ni ó tún un tẹ̀ dó sí Àgọ́-Ọ̀jà láàárín ọdún 1830 sí 1840. Orúkọ, oyè àti ìtàn sì bá wọn dé ibẹ̀. Ìran lè kúrò nílé kí ó má sì parun, bí ẹni tí ó rántí rẹ̀ bá wà. Ẹja Bear Creek ń gbé ibòmíràn, ó sì jẹ́ ọmọ onílé. Àwọn tí ó gba ipò rẹ̀ ń gbé inú ilé, wọn kò sì jẹ́ ọmọ onílé. Ojú kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wí pé, ‘Kí ni ìkòkò ọbẹ̀ mọ̀ nípa ìran? Ẹja ni ẹja. Bí ebi bá ń pa ènìyàn, ṣé ìtàn ìdílé ẹja ni yóò jẹ?’ Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí ebi kì í ṣe ohun àpárá. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé ìran tí a sọnù lè jẹ́ èyí tí a ó fẹ́ lọ́la. Ní oko ẹran Fáṣọlá, ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn láti Ọ̀yọ́, irú màlúù kan tí ń jẹ́ N'Dama ni a yàn láti sìn. Kì í ṣe pé ó tóbi ju màlúù Fúlàní lọ, ó kéré sí i. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ lè gba àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹran. Mùtúrù, màlúù kúkúrú ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní irú agbára kan náà. Bí a bá ti fi ìwọ̀n ara nìkan ṣe ìdájọ́ wọn ní ìgbà kan, tí a sì jẹ́ kí wọ́n parun, ta ni ìbá mọ ohun tí ó sọnù?

Ní ti ẹja, ẹ gbọ́ ohun tí a rí nínú odò Hood ní ìpínlẹ̀ Oregon. Àwọn onímọ̀ fi DNA tọpa ìdílé àwọn ẹja trout tí ń lọ sí òkun tí wọ́n sì ń padà wá yé ẹyin. Ìwádìí wọn tí ó jáde ní 2007 sọ pé, fún ìran kọ̀ọ̀kan tí ẹja bá fi wà lábẹ́ ìtọ́jú ènìyàn, agbára rẹ̀ láti ní ọmọ tí yóò yè nínú odò ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹja tí a ń bọ́ nínú ilé mọ bí a ti ń jẹun lọ́wọ́ ènìyàn. Bí ó bá wọ odò, tí ó sì dà pọ̀ mọ́ ọmọ odò, àìmọ̀-ọ́n-gbé rẹ̀ ni yóò pín fún ọmọ wọn. Nígbà náà ni odò tí a da ẹja sí kí ẹja lè pọ̀ yóò di odò tí ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ lè ti ara rẹ̀ lẹ́yìn mọ́, àwọn apẹja tí kò ní ìkùdù kankan ni ìyà rẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ jẹ.

Ṣùgbọ́n ká ní a kò ní rí èrè kankan lára àrọ̀ odò Ògùn títí láé, ǹjẹ́ ó wá tọ́ kí á jẹ́ kí ìran rẹ̀ parẹ́? Èmi wí pé kò tọ́. Ẹ wo bí àwọn baba wa ti ń ṣe ilẹ̀ ìdílé. Olórí ẹbí ni ó ń pín in, ó ń dáko níbẹ̀, ó ń jẹ èso rẹ̀. Kò sì lè dá a tà. Àwọn tí ó ti kú ní ìpín nínú rẹ̀, àwọn tí a kò tíì bí sì ní ìpín. Bí a kò bá lè ta ilẹ̀ tí ẹnìkan tẹ̀ dó ní ìgbà tí a ṣì rántí, mélòó-mélòó ni ohun tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó dá? A lè jẹ ẹja inú odò. Pípa ìran rẹ̀ rẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí pé ẹja gbígbẹ kò ṣeé ká: kò sí ọgbọ́n tí ó lè ya ẹ̀jẹ̀ méjì tí ó ti dà pọ̀ nínú gbogbo odò sọ́tọ̀ kí ó sì dá wọn padà bí wọ́n ti wà.

Mo gbọ́dọ̀ dá dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé àwọn ènìyàn burúkú ti gba irú ọ̀rọ̀ yìí lò rí láti fi ṣe ibi ńlá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọ̀rọ̀ ìran ẹja lọ sórí ọmọ ènìyàn. Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú Ṣọ̀ún Ògúnlọlá, di ńlá nítorí pé ó gba àwọn tí ogun ọ̀rúndún 19 lé kúrò nílé wọn. Àlejò àti onílé fẹ́ ara wọn, ìlú sì lágbára sí i. Ọ̀rọ̀, òfin àti ìfẹ́ ni ènìyàn fi ń jogún ìlú rẹ̀. Ẹja kò ní ohun mìíràn láti fi jogún odò ju ara rẹ̀ lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ẹranko pàápàá, àìdàpọ̀ kì í ṣe òrìṣà tí a ń bọ. Ní 1995, nígbà tí àwọn ẹranko bí ẹkùn tí ó wà ní Florida kù díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìbátan ń gun ara wọn tí àbùkù sì ń hàn lára ọmọ, a kó abo mẹ́jọ wá bá wọn láti Texas, wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ ìparun. A mọ ohun tí ń ṣe wọ́n kí á tó fi oògùn kàn wọ́n. Ohun tí ó burú ni kí á da ìran pọ̀ láìmọ̀, kí á má sì bìkítà láti mọ̀.

Ní Ìbàdàn, IITA ti ń tọ́jú irúgbìn ẹ̀wà àti oríṣi ohun ọ̀gbìn mìíràn nínú yàrá òtútù, kí irú wọn má bàa sọnù. A kò tíì lè ṣe ẹyin ẹja bẹ́ẹ̀. A lè fi òtútù líle pa àtọ̀ akọ mọ́, ṣùgbọ́n ẹyin abo kì í yè nínú rẹ̀. Odò fúnra rẹ̀ ni àká. Èèwọ̀ àtijọ́ pàápàá kò sì tó láti ṣọ́ àká yìí mọ́. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, a kò gbọdọ̀ pẹja. Òfin rere ni. Ó lè dá ìwọ̀ àti àwọ̀n dúró, kò lè dá ẹja tí ó já láti ìkùdù kan ní òkè odò dúró.

Àwọn ọ̀nà tí ó dára wà. A lè mú òbí láti inú odò kan náà tí a fẹ́ da ọmọ sí, kí àwọn òbí náà sì pọ̀, kí gbogbo odò má bàa kún fún ọmọ ìyá kan. A lè sin ẹja tí a ti sọ di àgàn nípa ọgbọ́n ìmọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá já, kò ní bí. A lè fi àwọ̀n sí ẹnu ojú ìṣàn ìkùdù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó rẹ̀? Bí a bá wí fún ẹni tí ó ní ìkùdù méjì ní ẹ̀bá odò Ọbà, tí ó sì ní ọmọ mẹ́rin ní ilé-ìwé, pé kí ó nìkan ra àwọ̀n, kí ó sì sin ẹja tí kò tètè dàgbà nítorí ohun tí gbogbo wa jogún, a ti sọ ìwà rere di ìjìyà tálákà. Èmi kò rí òdodo nínú ìyẹn. Ìjọba tí ó ń gba owó-orí àti àwa tí ń jẹ ẹja ní láti bá a gbé e.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ wọ́n. Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn apẹja tí ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ odò sì ń bẹ. Ohun tí a nílò ni abẹ kékeré, ìgò, ọtí líle, àti ìwé tí a ó kọ orúkọ odò, ibi tí a ti mú ẹja àti ọjọ́ rẹ̀ sí. Bí kò bá sí ẹni tí yóò ka lẹbẹ náà lọ́dún yìí, kí ó dúró. Àwọn ẹja inú ìgò ní Amẹ́ríkà dúró ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n kà tó dé.